Iná Nìkan Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Nílé iṣẹ́ ọṣẹ, bí ásíìdì ọ̀rá bá ti ń jáde láti inú ìkòkò ooru ní pupa dípò funfun, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta síni nímú, ohun àkọ́kọ́ tí wàá gbọ́ ni pé iná ti pọ̀ jù. Ọ̀gá á pariwo mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ, onítọ̀hún á pariwo mọ́ ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ílà, wọ́n á dín iná kù, ọkàn gbogbo wọn á sì balẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ásíìdì náà á tún máa jáde ní pupa. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, mi ò sì tíì rí ibi tí iná ti dá nìkan jẹ̀bi. Ó máa ń ní alábàáṣe méjì: bí ásíìdì ṣe pẹ́ tó nínú ooru, àti ohun tó ti wà nínú rẹ̀ kí iná tó kàn án rárá.

Àdí wa kọ́ ló kọ́ mi ní èyí. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi èédú àti epo rọ̀bì ṣe ọ̀rá ni mo ti kọ́ ọ, torí pé ásíìdì tiwọn kì í gba gbẹ̀rẹ́. Àṣìṣe tí àdí máa bá ọ bò mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, tiwọn á ti tú u síta kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rá yòówù tí Ọlọ́run dá, ìbáà jẹ́ epo pupa, àdí, òrí tàbí ọ̀rá màlúù, ásíìdì mẹ́ta ló dì mọ́ gìlísárìn kan nínú rẹ̀. Bí a bá fi omi gbígbóná fún un mọ́ inú táńkì tó dé pinpin, wọ́n á tú kúrò lára ara wọn. Gìlísárìn á bá omi lọ, ásíìdì á léfòó. Ásíìdì yìí là ń fi se ọṣẹ, òun la sì ń fi ṣe àbẹ́là, gíríìsì, ìpara àti nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àdí ní kábọ́ọ̀nù 12. Ti epo pupa ní 16 àti 18. Méjì méjì ni igi àti ẹranko ń so ẹ̀wọ̀n náà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ekukáká lo fi máa rí 13 tàbí 15 nínú ọ̀rá tí kì í ṣe àtọwọ́dá.

Bí ọ̀rá àtọwọ́dá ṣe wáyé kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Jámánì ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tó ń jáde láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé òwò Gaiser, tí orí rẹ̀ wà ní Hamburg, ní ẹ̀ka tó lórúkọ ní Èkó. Èkùrọ́ tí àwọn ìyá wa jókòó fi òkúta pa lábúlé, Hamburg ni wọ́n ti ń fún un. Wọ́n á fi òróró rẹ̀ ṣe májárínì, wọ́n á sì fi èérí rẹ̀ bọ́ màlúù. Nígbà tí ogun dé, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun mọ́ wọn. Ọ̀rá wọ́n débi pé wọ́n ń po amọ̀ mọ́ ọṣẹ. Ìyà yẹn kò kúrò lọ́kàn wọn títí ogun fi parí, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni tó bá lè bá wọn wá ọ̀rá tí kò gba orí òkun kọjá.

Láàárín àwọn ọdún 1920, Franz Fischer àti Hans Tropsch, ní ilé ìwádìí èédú tó wà ní Mülheim, rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ gáàsì tó ti ara èédú wá di epo àti ìda. Ìda yìí, irú èyí tó wà nínú àbẹ́là, ni Arthur Imhausen, oníṣẹ́ ọṣẹ ní ìlú Witten, gbájú mọ́, òun àti ilé iṣẹ́ Henkel. Kí àwọn ọdún 1930 tó parí, wọ́n ti ń sọ ìda èédú di ásíìdì ọ̀rá, wọ́n sì ti ń fi se ọṣẹ. Nígbà ogun kejì wọ́n tilẹ̀ fi ṣe bọ́tà fún jíjẹ. Èmi ò ní jẹ ẹ́, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀ máa fẹ́ fi sórí búrẹ́dì ọmọ rẹ̀.

Ṣíṣe rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọ́n á yọ́ ìda, wọ́n á da amúṣẹ́yá sí i, pọtásíọ̀mù pámáńgánéètì tí àwọn nọ́ọ̀sì ayé àtijọ́ fi ń fọ egbò, kò sì ní tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìda náà. Wọ́n á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti ìsàlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ní nǹkan bí 105 sí 120 dígírì Celsius. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á máa já ẹ̀wọ̀n ìda, ibi tó bá já á di orí ásíìdì. Ibi tí wàhálà wà ni pé afẹ́fẹ́ kì í yan ibi tí yóò já. Ó lè já a láàárín, ó lè já a létí, ó sì lè padà wá bá èyí tó ti di ásíìdì tẹ́lẹ̀ kó tún bù ú jẹ. Bí o bá wo inú àgbá náà lẹ́yìn rẹ̀, wàá rí ásíìdì tó tọ́ tó sì dára, onírúurú gígùn, 13 àti 15 wà nínú wọn. Wàá tún rí àwọn olórí méjì, tí wọ́n jẹ́ ásíìdì lókè àti nísàlẹ̀. Wàá rí àwọn tí à ń pè ní háídírọ́sì, tí ọ́síjìn àti háídírójìn lẹ̀ mọ́ láàárín ẹ̀yìn. Àwọn kan ti ṣẹ́ po di òrùka. Àwọn kéékèèké náà wà níbẹ̀, òórùn wọn nìkan tó láti lé àlejò kúrò nílé.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pẹ́ tó lórí ìda ni àwọn alábùkù yìí ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ kí gbogbo ìda yí padà tán. Bí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta bá ti di ásíìdì, wọ́n á dá afẹ́fẹ́ dúró, wọ́n á yọ ìyókù, wọ́n á sì dá a padà sínú àgbá fún ìgbà mìíràn. Lójú tèmi, ibí ni ọgbọ́n gbogbo iṣẹ́ náà wà, kì í ṣe ní ilé gogoro onírin tí àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró nídìí àgbá ti bá ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ku bí wọ́n ṣe máa ya ìda tí kò yí padà kúrò lára ásíìdì. Wọ́n á fi sódà sọ ásíìdì di ọṣẹ, púpọ̀ nínú ìda á sì léfòó, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń bá ọṣẹ rìn. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní iṣẹ́ ọ̀rá ní Kharkiv, nígbà ayé Sófíẹ́ẹ̀tì, ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ásíìdì àtọwọ́dá kó tó wá di olùkọ́. Àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì kò fẹ́ máa fi epo tí èèyàn lè jẹ se ọṣẹ. Ní Shebekino, lápá Belgorod, tí kò jìnnà sí wa, ilé iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953, òmíràn tún wà ní Volgodonsk. Ìléru ni olùkọ́ yìí kì í sú láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n á fi ọṣẹ yíyọ́ náà gba inú páìpù ìléru kọjá, ní 320 sí 340 dígírì. Ìda tó ṣẹ́ kù á bá ooru omi fò jáde. Ọṣẹ kì í fò ní tirẹ̀. Á yọ́, á sì máa ṣàn.

Mo bi í pé ṣebí ooru là ń sá fún. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tó bá máa fọ́, kó fọ́ níbí, nígbà tó ṣì jẹ́ ọṣẹ. Nínú ìléru yẹn, omi á bọ́ lára ọ̀pọ̀ háídírọ́sì, orí kan á bọ́ lára àwọn olórí méjì, ohun tó bá rọ̀ tó láti fò á bá ìda lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó máa da ásíìdì bátìrì sí ọṣẹ náà, tí ásíìdì ọ̀rá á padà jáde, ó dúdú, ó ń rùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìjà tí ì bá bá wọn jà nínú ìkòkò ti parí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yé mi dáadáa. Ìgbà tí mo délé, tí mo rí bí wọ́n ṣe ń gbé ásíìdì tí wọn ò fọ̀, tí wọn ò gbẹ omi rẹ̀, tí wọn ò yọ ohunkóhun kúrò lára rẹ̀, tààrà sínú ìkòkò ooru, ni mo mọ ohun tí bàbá náà ń sọ.

Ìkòkò ooru yìí, dísítìlì ni: ásíìdì tó dára á fò jáde, ìdọ̀tí á kù sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ògógóró létí omi Ìlàjẹ mọ bí dísítìlì ṣe rí: ẹmu kíkan nínú dúrọ́ọ̀mù lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ìgò lẹ́nu rẹ̀. Tiwa náà nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọtí ń hó ní 78 dígírì, bẹ́ẹ̀ ásíìdì oníkábọ́ọ̀nù 16 kò ní hó nínú afẹ́fẹ́ gbangba títí yóò fi tó 351, kó sì tó débẹ̀ ó ti bàjẹ́. A ní láti fa afẹ́fẹ́ kúrò lórí rẹ̀. Bí fáàkúùmù bá mú ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ wálẹ̀ láti 760 mílímítà mẹ́kúrì sí 15, ásíìdì kan náà á hó ní 215. Ti oníkábọ́ọ̀nù 18 á hó ní 232. Bí a bá tún fẹ́ ooru omi díẹ̀ sí i láti ìsàlẹ̀, á gbéra ní ooru tó kéré sí ìyẹn. Ooru omi yìí tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí àwọn èèyàn kì í rántí: níwọ̀n ìgbà tí omi bá ti wà níbẹ̀, kò rọrùn fún ásíìdì méjì láti tu omi dànù kí wọ́n sì di mọ́ ara wọn.

Nígbà ayé Sófíẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń pín ohun tó bá jáde sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ṣe gùn tó. Láti 10 dé 16 ni ti ọṣẹ. Láti 17 dé 20 ni ti gíríìsì. Àwọn tó kúrú ju ìyẹn ní iṣẹ́ tiwọn. Èyí tó gùn ju 20 lọ máa ń jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti fọ́.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ní 230 dígírì? Ásíìdì tó tọ́, tí kò ní nǹkan kan lára ju orí rẹ̀ lọ, kì í tètè bínú. Àwọn alábùkù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Háídírọ́sì á di mọ́ orí ásíìdì ẹgbẹ́ rẹ̀, omi á bọ́, àwọn méjèèjì á di ọ̀kan ṣoṣo tó wúwo, tí kò lè fò mọ́. Tàbí kí omi bọ́ lára òun nìkan, kí àyè ṣí lára ẹ̀wọ̀n rẹ̀, àwọn tí àyè bá sì ti ṣí lára wọn á máa lẹ̀ mọ́ra títí wọ́n á fi ki bí ọ̀dà. Àwọn tí ọ́síjìn nìkan wà láàárín ẹ̀yìn wọn máa ń so kọ́ra, ọ̀dọ̀ irú wọn sì ni púpọ̀ nínú àwọ̀ pupa tí à ń pariwo rẹ̀ ti ń wá. Tí ooru bá wá sún mọ́ 300, pàápàá níbi tí irin bá wà, ásíìdì tó tọ́ gan-an á kó sí i: méjì á so pọ̀, wọ́n á tu kábọ́ọ̀nù dáyọ́síáìdì kan àti omi kan dànù, ohun tó kù á di ohun tí à ń pè ní kítóònù. Kọ́sítíìkì ayé yìí kò lè sọ kítóònù di ọṣẹ. Owó tó wọ ibẹ̀ ti wọgbó.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé bí ooru bá fi dígírì mẹ́wàá lé sí i, irú ìbàjẹ́ yìí á yára tó ìlọ́po méjì. Fún kítóònù àti fún fífọ́ ẹ̀wọ̀n, ó súnmọ́ òótọ́. Fún dídì tí háídírọ́sì ń di mọ́ ẹlòmíì, ooru kò jámọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà ti ráyè jókòó ni. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀gá bá ní kí wọ́n dín iná kù. Ooru lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ásíìdì tó ń fò ní wákàtí kan náà lọ sílẹ̀. Èyí tó yẹ kó ti jáde ní agogo mẹ́jọ ṣì wà nínú ìkòkò ní agogo mọ́kànlá, ó ń di mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n jèrè lórí ooru, wọ́n ti san án padà lórí àkókò, kódà ó lè jẹ́ pé wọ́n jẹ gbèsè lé e.

Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun, ásíìdì kì í jókòó sínú ìkòkò. Ó ń ṣàn wálẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lára inú páìpù gbígbóná, èyí tó bá fò á fò lójú ẹsẹ̀, ìyókù á ti kúrò níbẹ̀ kí ìṣẹ́jú mélòó kan tó pé. Mo ti rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná ju ìkòkò àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, tí ásíìdì rẹ̀ sì funfun jù ú lọ. Ẹni tó jẹ́ pé aago ooru nìkan ló ń wò kò ní gbà ọ́ gbọ́.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo aago ooru. Abẹ́rẹ́ fáàkúùmù ni mo máa ń wò. Bí omi tó ń tu ẹ̀rọ lára bá dára, tí abẹ́rẹ́ yẹn sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń jò wọlé láti ibì kan, ó sì lè jẹ́ pé ásíìdì fúnra rẹ̀ ló ń tú gáàsì sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru á ti gbé tọ́ọ̀ṣì àti ìfóófòó ọṣẹ, wọ́n á máa fi pa gbogbo ojú ìdè páìpù láti mọ ibi tó máa fà á wọlé, wọ́n á sì ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, mo máa ń ní kí wọ́n dín ooru ìkòkò kù ní dígírì mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì jókòó. Bó bá jẹ́ jíjò ni, abẹ́rẹ́ kò ní mira. Bó bá jẹ́ ásíìdì ló ń fọ́, abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílẹ̀ kí tíì tí wọ́n pò tó tutù. Ibí nìkan ni mo ti fara mọ́ dídín iná kù, torí pé ìbéèrè là ń fi í bi ẹ̀rọ, a ò fi wo àìsàn rẹ̀.

Láàbù ló ń sọ ìyókù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ á wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ ìkòkò sínú ìgò, á fi ẹ̀mí ọtí là á dáadáa, nítorí ó dúdú débi pé àwọ̀ kò ní hàn nínú rẹ̀ bí kò bá là á. Á kán atọ́ka sí i, á wá máa jẹ́ kí pọ́táàṣì kán sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa mi ìgò náà, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀, títí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á fi yọ tí kò sì ní lọ mọ́. Nọ́ńbà ásíìdì nìyẹn: ó ń sọ iye orí tó ṣì wà lómìnira. Á tún wọn òmíràn, á fi pọ́táàṣì tó pọ̀ sè é kí gbogbo èyí tó ti di mọ́ra tú, á sì tún kà á. Nọ́ńbà kejì yìí ń sọ iye orí tó wà lápapọ̀, àtèyí tó lómìnira àtèyí tí wọ́n dè. Bí àkọ́kọ́ bá lọ sílẹ̀ tí ìkejì sì dúró síbi tó wà, ásíìdì kò tíì kú, wọ́n kàn di mọ́ra ni. Ẹ dá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà padà sínú omi gbígbóná, á tú, ẹ ó sì rí púpọ̀ gbà padà nínú rẹ̀. Bí méjèèjì bá jọ ń lọ sílẹ̀, kítóònù ti wọ̀ ọ́, ẹ má wulẹ̀ ná owó lé e. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń ṣe àyẹ̀wò méjèèjì, wọ́n á kọ wọ́n sínú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Àwọn tó ń rajà náà ní ọgbọ́n tiwọn. Ásíìdì tó funfun nígbà tó jáde kò túmọ̀ sí pé yóò funfun títí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n rà á gbé díẹ̀ sínú ìgò, á gbé e gbóná sí nǹkan bí 205 dígírì fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì tún wo àwọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ́n, a jẹ́ pé àwọn alábùkù kan bá a fò kọjá. Ásíìdì àtọwọ́dá máa ń ṣubú nínú ìdánwò yìí ju ti àdí lọ.

Irin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni àwa fúnra wa ti ń ṣe ara wa. Ásíìdì ọ̀rá tutù kò lè ṣe irin ní nǹkan kan tó ṣe pàtàkì. Bó bá ti gbóná gan-an, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin lásán. Irin tó bá jẹ á di ọṣẹ irin, á yòrò sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Ọṣẹ irin yìí gan-an ló ń mú kí ásíìdì méjì yára di kítóònù. Nítorí náà, irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n lú mọ́líbídénọ̀mù mọ́, là ń lò fún gbogbo ibi tí ásíìdì gbígbóná bá ń kàn. Ó wọ́n. Mo mọ ilé iṣẹ́ kan tí fáàfù rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí kò sí owó ilẹ̀ òkèèrè láti fi ra òmíràn. Wọ́n pe wẹ́dà, ó fi páìpù irin lásán bíi mélòó kan àti fáàfù omi so ìdí ìkòkò náà padà, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọ̀ ti dé. Wọ́n dín iná kù. Àwọ̀ kò lọ. Wọ́n pààrọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ílà. Nígbà tí a tú páìpù náà nígbẹ̀yìn, o lè fi èékánná ha inú rẹ̀; ó ti fẹ́lẹ́ débi pé iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ máa là á kọjá lójú ibi tó tẹ̀. Gbogbo irin tó sọnù lára rẹ̀ ló ti bá ásíìdì lọ sínú ìkòkò.

Wàhálà kejì tó jẹ́ tiwa ni NEPA, ilé iṣẹ́ iná mànàmáná, orúkọ yòówù tí wọ́n ń jẹ́ báyìí. Àwọn tó ya àwòrán ẹ̀rọ wọ̀nyí ń gbé níbi tí iná kì í ti í lọ, kò sì sóhun tó kàn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ooru omi láti bọ́ílà ló ń fa fáàkúùmù wa, bọ́ílà á sì ṣì máa gbóná fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá lọ. Àmọ́ pọ́ọ̀ǹpù tó ń gbé omi tútù dúró lójú ẹsẹ̀. Omi tútù kò sí mọ́, fáàkúùmù ń bọ̀ wálẹ̀, ibi tí ásíìdì ti ń hó ń gòkè, ìyẹn ni pé kò ní hó mọ́. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń yí ásíìdì po náà ti dúró. Ásíìdì wá jókòó jẹ́ẹ́ lára irin gbígbóná, kò fò, kò ṣàn. Kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí gbogbo rẹ̀ tó padà sípò, ìbàjẹ́ tó ṣẹlẹ̀ láàárín àkókò yẹn lè ju ti odindi ọjọ́ tí iná kò lọ.

Ohun tó burú jù ni pé ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè ṣí fáàfù afẹ́fẹ́ láti dá fáàkúùmù dúró. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé bá ásíìdì ní 220 dígírì yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ìda ní Witten, kò sì sí ẹni tó máa dá a dúró ní ìdá kan nínú mẹ́ta; bí kò bá ṣe oríire, iná gan-an lè sọ. Náítírójìn ló yẹ kó wọ ibẹ̀, bí kò bá sí, ooru omi. Níbi tí mo ti lágbára láti pàṣẹ, a ri táńkì kan sábẹ́ ìkòkò, tó máa ń tutù ní gbogbo ìgbà, tí fáàfù rẹ̀ kò nílò iná mànàmáná. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dáhùn, ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ á fi ọwọ́ ṣí i, gbogbo ásíìdì á ṣubú sínú rẹ̀, á sì tutù. Wọ́n á tún un gbé gòkè nígbà tí iná bá dé. Àwọn aṣírò-owó kò fẹ́ràn táńkì yẹn. Wọ́n ní ó ń gba àyè, ó sì ń jẹ ooru lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1990, Sófíẹ́ẹ̀tì ti tú ká, epo ọ̀pẹ láti Malaysia àti Indonesia sì ti pọ̀ lọ́jà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ásíìdì àtọwọ́dá ò lè bá a díje mọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wọn ló pẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo rọ̀bì ń rà á, àwọn tó ń po ọ̀dà títì náà ń rà á. Tiwa náà ń rí ẹni rà á, ṣùgbọ́n ní owó tí kò tó owó dúrọ́ọ̀mù tí a bù ú sí.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ṣì máa ń wá bá mi, wọ́n á gbé àwòrán kalẹ̀, wọ́n á sọ ooru tí ẹ̀rọ wọn ń lò àti fáàkúùmù tó lè dé. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n parí. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè iye kílò ásíìdì tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó bá gbóná, àti bí èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní àwọn máa kọ̀wé sílé béèrè. Àwọn tó bá ní ìdáhùn lápò nìkan ni mo máa ń mú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá.